Ẹ̀kọ́ Tí Kò Mú Owó Wálé: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Àgbà?

   

Ẹ̀yin ará wa ní Maiduguri, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbàlagbà tí ó ní ìdílé, tí ó ní ìsọ̀ lọ́jà, yọ wákàtí méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó tún san owó díẹ̀ lé e, láti lọ kọ́ ohun tí kò ní fi kọ́bọ̀ kan kún owó àpò rẹ̀? A kò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ ń kọ́ títí yóò fi gba fírídọ́ọ̀mù. A kò sì sọ̀rọ̀ nípa ìwé-ẹ̀rí tí a fi ń wá iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀kọ́ kúkurú ni a ní lọ́kàn, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí àgbà ń kọ́ kìkì nítorí pé ó wù ú. Ó lè jẹ́ kíkọ lẹ́tà Lárúbáwá kí ó gún régé, ó lè jẹ́ dídárà sí fìlà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ bí àwọn ará Borno ti ń ṣe é, ó lè jẹ́ èdè Kanuri, ó lè jẹ́ ìtọ́jú òdòdó àti ewébẹ̀ nínú ọgbà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba kọ́ fún ará àdúgbò máa ń ṣí yàrá wọn ní alẹ́ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdánwò níbẹ̀, kò sì sí oyè.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní ìlú wa ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2023, iná jó Ọjà Mọ́ńdè. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì wọ ilé onílé. Ìlú tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n ní, kì í ṣe ibi tí a ti ń fi owó ra ìgbafẹ́. Wọ́n tún ní àkókò kò sí: ẹni tí ó jí ní àsùbáà, tí ó ṣí ìsọ̀, tí ó padà sílé lẹ́yìn mọ̀ǹgàríbì, ìgbà wo ni yóò tún gbé ìwé? Ẹ̀kẹta ni ìtìjú: bàbá tí ó ti rí ọmọ-ọmọ kò yẹ ní ẹni tí yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì kí ọmọ ọlọ́mọ máa tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù: wọ́n ní ìgbésí ayé Mùsùlùmí jẹ́ àmáánà, a ó sì bi í léèrè ọ̀nà tí ó gbà lo ọjọ́ rẹ̀. Ṣé dídárà sí fìlà ni yóò wá fi dáhùn?

A ó dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ilẹ̀ Denmark, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Grundtvig rò ó pé kò yẹ kí ó jẹ́ ọmọ olówó nìkan ni yóò máa mọ ìtàn àti èdè ìlú rẹ̀. Láti inú èrò rẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-ìwé àgbà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Rødding ní 1844. Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ni ó wà fún, ìgbà òtútù tí iṣẹ́ oko dẹwọ́ ni wọ́n sì ń lọ. Wọn kì í ṣe ìdánwò. Ní London, wọ́n dá City Lit sílẹ̀ ní 1919 fún àwọn tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà títí di òní. Ní ilẹ̀ tiwa, kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ṣí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tí ó fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1949, lábẹ́ Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast, láti máa gbé ẹ̀kọ́ jáde lọ bá àwọn tíṣà, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ nínú ìlú wọn. Ní apá Òkè Ọya níbí, ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, ìjọba gbógun ti àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lábẹ́ orúkọ Yaki da Jahilci, àwọn bàbá àti ìyá arúgbó sì fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn. Nítorí náà, àgbà tí ó jókòó sí kíláàsì kì í ṣe ohun àjèjì.

Ẹnìkan lè sọ pé mímọ̀-ọ́n-kọ yàtọ̀, pé dandan ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbà òdòdó kì í ṣe dandan. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé gbogbo nǹkan ni ó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. A kì í fi yáàdì wọn epo, a kì í sì í fi mọ́dù wọn aṣọ. Ẹni tí ó bá mú yáàdì lọ sí ìdí epo, tí ó wá sọ pé epo náà kò tó nǹkan, epo kọ́ ni ó ní àbùkù. Owó jẹ́ òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n dáadáa ni, àwa kò sì ní bú u, nítorí òun ni a fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ilé wa. Sùúrù ìyàwó, ọ̀rọ̀ ìtùnú tí aládùúgbò sọ fún ni nígbà òkú, kéú tí ọmọ ké tí ojú bàbá rẹ̀ fi kún fún omi ẹkún: èwo nínú wọn ni a lè gbé sórí ìwọ̀n ní Ọjà Mọ́ńdè? Síbẹ̀, bí a bá mú wọn kúrò, kò sí ohun tí owó ń ṣe mọ́.

Àwọn onímímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ yìí fínnífínní ṣíwájú wa. Imam Ghazali, nínú Ihya, pín ìmọ̀ sí oríṣìíríṣìí. Ó ní èyí tí ó jẹ́ fáríilà lórí olúkúlùkù. Ó ní èyí tí ó jẹ́ fáríilà lórí àwùjọ, bíi ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò, tí ó jẹ́ pé bí àwọn kan bá ti mọ̀ ọ́n, ó tó. Ó ní èyí tí a kórìíra. Ó sì tún ní èyí tí a yọ̀ǹda, bíi ewì tí kò ní ìsọkúsọ nínú, àti ìtàn. Ẹ kíyèsí i pé ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá yìí kò ju ìmọ̀ tí a yọ̀ǹda sínú agbọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tí a kórìíra. Ó fún un ní àyè tirẹ̀. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ há ohun tí àwọn aṣíwájú fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: èdè Kanuri. Àwọn kan nínú àwọn bàbá wa ti wà ní ìlú yìí kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibí ní 1964. A ti bí ọmọ níbí, a ti sin òkú níbí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó lè sọ Kanuri kọjá ìkíni? Háúsá ni a gbọ́, nítorí Háúsá ni ọjà ń béèrè. Ẹni tí ó bá fi yáàdì owó wọ̀n ọ́n yóò sọ pé Kanuri kò pọn dandan, kò sì parọ́. Kò sí oníbàárà tí yóò tìtorí rẹ̀ yẹra fún ìsọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Kanuri ni èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé aládùúgbò wa lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú. Òun ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí, òun ni wọ́n fi ń sunkún òkú. Ẹni tí ó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ènìyàn fún ogójì ọdún, tí kò lè bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó fi ń sunkún, oníbàárà ni ó fi ṣe, kò fi ṣe aládùúgbò. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ẹ̀sìn wa.

Ìlú tí a wà yìí gan-an kọ́ wa ní nǹkan nípa èdè. Àwọn Àlùkùránì alọ́wọ́kọ tí àwọn àlùfáà Borno kọ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ṣì wà títí di òní. Létí ìwé náà àti láàrin ìlà, wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ìtumọ̀ sí i ní èdè Kanembu àtijọ́, tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Kanuri. Ẹ ro bí wọ́n ti fara balẹ̀ tó. Wọ́n mọ Lárúbáwá, wọ́n lè dá a dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ka èdè ilé wọn sí ohun ìtìjú ní ẹ̀gbẹ́ Àlùkùránì Alápọ̀nlé. Bí àgbà láàrin wa bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ bí wọ́n ti ń fi kálámù kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó lè má ta ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tún ṣí Àlùkùránì tirẹ̀, ojú tí yóò fi wo lẹ́tà kò ní jẹ́ ojú àná mọ́.

Ẹ̀kọ́ èdè kúkurú sì ní ìpìlẹ̀ tí ó lágbára. Ìtàn sọ fún wa pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ fún Zayd ọmọ Thabit, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, pé kí ó kọ́ ìwé àwọn Yahudi. Nǹkan bí ìdajì oṣù ni ó fi kọ́ ọ. Kì í ṣe kí ó lè fi pawó, bí kò ṣe kí ọ̀rọ̀ láàrin àwùjọ àti àwùjọ má baà dàrú.

Ní ti ìtìjú ọjọ́ orí, a fẹ́ bi àwọn bàbá wa léèrè: ọmọ ọdún mélòó ni Ànábì nígbà tí Jibirilu wá bá a nínú ihò Hira? Ọmọ ogójì ọdún ni, àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ sì jẹ́ ti kíké. Nínú àwọn onímímọ̀ ìlànà Shafi'i, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ al-Qaffal al-Marwazi, tí ó kú ní 1026. Orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí onírin tí ń ṣe àgádágodo ni. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ó tó jókòó síwájú olùkọ́. Bí ó bá wí pé ojú ń ti òun ni, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n lónìí? Ní Sokoto ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó kú ní 1864, ṣètò àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ tí a ń pè ní 'Yan Taru. Àwọn obìnrin abúlé a máa rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ olórí wọn, wọn a sì gbé ohun tí wọ́n kọ́ padà lọ bá àwọn tí wọ́n wà nílé. Iyàwó ilé ni púpọ̀ nínú wọn, ìyá ọmọ ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ọjọ́ ti lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni pé abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn kò sọ pé ọmọdé nìkan ni ó lè béèrè.

Ohun kan sì wà tí àgbà máa ń jèrè níbi tí ó ti jókòó bí ọmọ kéú, èyí tí kò lè rí níbòmíràn. Nínú ìsọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ni. Nínú ilé rẹ̀, bàálé ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe." Ọkàn tí a kì í tún ṣe máa ń le. Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-kéú máa ń rí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti ké sókè nítorí pé bí ó bá ṣì í, bàbá yóò pariwo mọ́ ọn. Bàbá tí òun náà ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí ọmọ Kanuri kan, ọmọ ogún ọdún, ń fi sùúrù tú òwú tí ó lọ́ fún un, yóò mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Èrè ilé ni èyí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ èrè ọjà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ gbọ́ pé irú ẹ̀kọ́ yìí lè di owó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní Òṣogbo, ní àwọn ọdún 1962 sí 1964, wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkurú, ọlọ́jọ́ díẹ̀, lórí àwòrán yíyà, nínú ẹgbẹ́ Mbari Mbayo. Georgina Beier ni ó darí ti 1964. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán kankan. Jimoh Buraimoh ni ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Muraina Oyelami, ọmọ Ìràgbìjí, wà nínú ẹgbẹ́ eré náà pẹ̀lú. Lónìí, orúkọ àwọn méjèèjì ti dé òkè òkun, Buraimoh sì di ẹni tí a mọ̀ mọ́ àwòrán tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. A kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n yà ní Òṣogbo ni Mùsùlùmí yóò gbé kọ́ sílé rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lórí ìtàn òrìṣà. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó lè wò wọ́n kí ó sọ ẹni tí yóò fi jẹun. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ béèrè pé èló ni yóò wọlé, bóyá wọn kò ní jókòó. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe ìdí ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá sọ pé ẹ̀kọ́ yìí dára nítorí pé ó lè di owó lọ́la, yáàdì náà ni a tún gbé lọ sí ìdí epo.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù, ọ̀rọ̀ owó àti àmáánà. Ẹnìkan nínú wa lè sọ pé: "Ọmọ aládùúgbò mi wà nílé, wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé nítorí owó. Ṣé ó tọ́ kí n mú owó lọ kọ́ ìtọ́jú òdòdó?" A kò ní fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó kan náà ni, tí kò sí òmíràn, kò tọ́. Ọmọ náà ni ó ṣíwájú. Gbèsè ṣíwájú, oúnjẹ ilé ṣíwájú, sàká ṣíwájú, fáríilà sì ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè ka Fátíhà dáadáa, kí ó má tíì lọ kọ́ lẹ́tà olódòdó. Ẹni tí ó jẹ gbèsè lọ́jà, kí ó san án ná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Ṣé inú owó ọmọ aláìní ni owó ẹ̀kọ́ yìí yóò ti wá ní tòótọ́? Nígbà tí a bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ, tí a ra aṣọ ẹbí, tí a pe olórin, tí a gbé ìgò mìnírà yí àwọn àlejò ká, kò sí ẹni tí ó dìde béèrè ọmọ aládùúgbò. Ìgbà tí Alhaja kan bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ Kanuri ni a máa ń rántí àwọn aláìní. Ohun tí ó bá wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ kí a gé owó ẹ̀kọ́ náà lára àríyá, kí á má gé e lára sàráà. Aṣọ ẹbí kan tí a kò rà lè kọ́ ènìyàn ní nǹkan tí yóò bá a dé sàréè.

Ó tilẹ̀ lè má ná wa ní owó púpọ̀. Ìmọ̀ tí a ń wá, ọwọ́ ara wa ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ìyá kan láàrin wa mọ aṣọ òfì hun láti Ìsẹ́yìn. Bàbá kan mọ ìtọ́jú igi ọsàn nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ará Borno tí ó ń dárà sí fìlà Zanna Bukar jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ wa. Yàrá ilé-kéú wa máa ń ṣófo ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹni tí ó mọ òfì kọ́ ẹni tí ó mọ fìlà, kí onífìlà náà kọ́ ọ padà. Ìwọ̀nba owó tí a óò dá, kí ó jẹ́ ti iná àti ti omi. Kí a má ṣe gbàgbé àwọn obìnrin, kí a bi wọ́n ní wákàtí tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí àkókò tí ó dẹ ọkùnrin lára ni iṣẹ́ ìdáná ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Bàbá tí ó bá lọ kọ́ èdè, kí ó tọ́jú ọmọ nílé lọ́jọ́ tí ó kan ìyàwó rẹ̀.

Ní ìparí, ìdáhùn wa rèé. Ó yẹ kí àgbà kọ́ ohun tí kò mú owó wálé, bí ó bá ti san ohun tí ó jẹ, tí ó ti ṣe ohun tí ó jẹ́ dandan, tí ohun náà kò sì ta ko ẹ̀sìn rẹ̀. Ní ìlú tí iná àti omi ti kọ́ wa pé ohun tí a kó sínú ìsọ̀ lè lọ ní òru kan ṣoṣo, kò yẹ kí á máa fi gbogbo ọjọ́ ayé wa kó ohun tí iná ń jó nìkan. Èyí tí a kọ́ sínú orí kò sí níbẹ̀ fún iná láti jó, omi kò sì lè gbé e lọ.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó fi ìmọ̀ tí ó ń ṣe ni láǹfààní ta wá lọ́rẹ, kí Ó sì jẹ́ kí àwa àti àwọn tí a jọ ń gbé ìlú yìí gbọ́ ara wa yé. Àmín.